Ọwọ́ Ọ̀dọ́, Ọwọ́ Àgbà: Bí Agbo Ilé Kan Ṣe Lè Bójú Tó Àtọ̀gbẹ ní Agbonou

Nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, tí àwa Ifẹ̀ ti agbègbè Ogou bá ń ṣe Odon-Tsu, ariwo odó ni a fi ń mọ̀ pé ọdún ti wọlé. Láti orí òkè Atakpamé títí dé Agbonou, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, àwọn ọmọ ilé a máa gún iyán, àwọn ìyàwó ilé a máa ro ọbẹ̀, àlejò a sì máa wọlé láìkànkùn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a máa ka òkèlè mọ́ òun lọ́wọ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé lónìí, ẹnì kan wà tí ó ń wo àwo iyán bí ẹni tí ń wo odò tí ó kún. Ó mọ̀ pé òun lè sọdá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé odò kan náà lè gbé òun lọ. Àtọ̀gbẹ ni ó ń bá a fínra.

Orúkọ tí àrùn náà ń jẹ́ ní èdè wa ti sọ ìdajì ìtàn rẹ̀: ìtọ̀ àti gbígbẹ. Ẹni tí ó ní in a máa tọ̀ léraléra, òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ bí ewé inú ọyẹ́. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí pé èèrà a máa bo ibi tí aláìsàn bá tọ̀ sí. Ní ilé ìwòsàn, «diabète» ni à ń gbọ́, ní ọjà, àwọn ènìyàn a kàn sọ pé, «Ṣúgà ń bá mi jà.» Orúkọ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n àrùn kan náà ni.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ọjọ́ orí ṣe ń yí ìtọ́jú àrùn náà padà. Ìṣòro ọmọ ogún ọdún tí ó ní àtọ̀gbẹ kò rí bí ti ìyá ọlọ́jà tí ó ti lé ní ogójì, ti àwọn méjèèjì kò sì rí bí ti ìyá àgbà tí ó ti lé ní àádọ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni orí ẹní kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ń bu ọbẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí òwe kan bá wà tí ó bá ìtọ́jú àtọ̀gbẹ mu, òun ni.

Ẹrù dé, kò sí alágbàárù

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Oúnjẹ tí a bá jẹ, pàápàá iyán, ọkà àgbàdo, gàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà yìí ni agbára tí a fi ń rìn, tí a fi ń ronú, tí a fi ń roko. Ṣùgbọ́n kò lè dá wọ inú ẹran ara. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn ikùn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní «pancréas», tí ó ń tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì ni alágbàárù tí ó ń gbé ẹrù ṣúgà láti ojú ọ̀nà wọ inú ilé.

Ẹ fojú inú wo ibùdókọ̀ ojú irin Agbonou ní ayé ọjọ́un. Ọkọ̀ dé, wọ́n já ẹrù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí alágbàárù kan. Ẹrù a kún ibùdókọ̀, ebi a sì máa pa àwọn ará ilé. Bí àtọ̀gbẹ ti rí nìyẹn: ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀, ara sì ń ké ebi. Ní ti oríṣi àkọ́kọ́, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe, àwọn alágbàárù ti kú tán. Ara kò ṣe ínsúlíìnì mọ́, àfi kí a máa gún un ní abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ní ti oríṣi kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn àgbàlagbà, àwọn alágbàárù wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀kùn ilé kò sì ṣí fún wọn dáadáa mọ́. Ọ̀rá ikùn, àìrìn, ọjọ́ orí àti ìdílé tí a ti wá ni ó sábà máa ń fa èyí.

Kì í ṣe àrùn àwọn òyìnbó nìkan, kì í sì í ṣe àrùn olówó. Ní Nàìjíríà, ní 1992, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe jẹ́ alága rẹ̀ ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ni ó ní in. Láti ìgbà náà, àrùn náà kò dúró sójú kan. Ní 2021, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ní gbogbo ayé, International Diabetes Federation, ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tí ó ní in jákèjádò ayé tó mílíọ̀nù 537. Nínú wọn, mílíọ̀nù 24 wà ní Áfíríkà. Èyí tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá jù ni pé, ní Áfíríkà, ó lé ní ìdajì wọn, ìyẹn 54 nínú 100, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹni tí kò mọ̀ pé ejò wà nínú ilé kò ní wá igi.

Mímọ̀ rẹ̀ kò le. A ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀. Bí ṣúgà rẹ̀ kò bá tó gíráàmù 1.10 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, kò sí ewu. Bí ó bá tó 1.26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín méjèèjì wà ní ẹnu ọ̀nà; ó ṣì lè padà.

Ilé kan, ọjọ́ orí mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo agbo ilé kan ní Agbonou. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yóò mọ irú rẹ̀. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tí ó ń fi alùpùpù gbé èrò, zémidjan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní àtọ̀gbẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní oríṣi àkọ́kọ́. Ínsúlíìnì ni ẹ̀mí rẹ̀. Kí a tó rí oògùn yìí, ọmọ tí àrùn náà bá mú kì í pẹ́ láyé. Ní 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best ṣe àwárí rẹ̀ ní ìlú Toronto ní Kánádà, ní oṣù kìíní 1922 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gún un fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, tí ó ti rù kan eegun. Ọdún mẹ́tàlá ni ó tún lò láyé lẹ́yìn náà. Lónìí, ẹni tí ó bá ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ lè dàgbà, kí ó fẹ́yàwó, kí ó sì rí ọmọ ọmọ.

Kí wá ni ìṣòro rẹ̀? Ìtìjú ni. Kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i níbi tí ó ti ń gún abẹ́rẹ́ sí ikùn, ó ń bẹ̀rù pé ìdílé ọmọbìnrin tí òun ń fẹ́ yóò sọ pé, «Aláìsàn ni.» Nítorí náà, bí ó bá wà láàárín wọn, a fo abẹ́rẹ́ ọ̀sán. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí sodabi bá ń yí ká, a mu ú láìjẹun. Kò mọ̀ pé ọtí líle a máa dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti tú ṣúgà sílẹ̀ nígbà tí ara bá nílò rẹ̀, ṣúgà a sì já wálẹ̀ lójijì ní òru. Ọ̀dọ́ ní agbára, ojú rẹ̀ ríran, ó lè ka ìwé tí ó wà lára oògùn, ó mọ fóònù lò; ohun tí ó ṣaláìní ni sùúrù àti ẹni tí yóò bá a mú ìtìjú kúrò.

Ìyá rẹ̀ ní oríṣi kejì. Òun kò tijú. Àyè ni kò rí. Aago márùn-ún ìdájí ni ó ń jí, ojú ọ̀nà ni ó ti ń jẹun, orí ìjókòó ni ó sì ń wà títí ọjọ́ fi ń rọ̀. Sátidé ni ìsìnkú, Àìkú ni ìkómọjáde. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gbé ìgò ohun mímu aládùn fún un. Bí owó bá wọlé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni ó ń kọ́kọ́ san, oògùn tirẹ̀ a dúró de oṣù tí ń bọ̀. Ó ń lo metformin bí ẹni ń lo oògùn orí fífọ́: ọjọ́ tí òyì bá kọ́ ọ ni ó ń gbé e mì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Àtọ̀gbẹ kì í dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ikán ti ń jẹ òpó ilé láìsí ariwo, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà tí ó ga ń jẹ iṣan kéékèèké ojú, ti kíndìnrín àti ti ẹsẹ̀. Ní 1998, àwọn oníwádìí Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 1977 jáde, èyí tí wọ́n pè ní UKPDS. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n kó ṣúgà wọn níjàánu dáadáa fi nǹkan bí ìdámẹ́rin dín ewu àrùn iṣan kéékèèké wọ̀nyí kù. Oògùn tí à ń lò nígbà tí kò sí ohun tí ó ń dùn wá ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ohun tí yóò dùn wá lọ́la.

Bí obìnrin bá sì lóyún, a tún gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé àtọ̀gbẹ kan wà tí ó máa ń yọjú nínú oyún, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n ni a sì sábà máa ń wá a. Ó lè lọ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n ó fi àmì sílẹ̀ pé òmíràn lè dé bá ìyá náà lọ́jọ́ iwájú.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kì í fo oògùn. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa ṣe ohun gbogbo ní àsìkò rẹ̀: àdúrà ní àsìkò, oúnjẹ ní àsìkò, oògùn ní àsìkò. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kùnà, ibẹ̀ gan-an ni ó ti lágbára. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣú, kò lè ka nọ́ńbà inú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà. Kò lè tẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní ti oríkèé, ó ní ti ṣúgà, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn rí róbótó. Nígbà mìíràn a gbàgbé pé òun ti lo èyí, a sì tún un lò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé bí ọjọ́ orí bá ti ga, òdiwọ̀n tí à ń lé náà a máa yí padà. Ìdánwò kan wà, «hémoglobine glyquée», tí ó ń fi bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, dókítà máa ń fẹ́ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ 7 nínú 100. Fún arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, tí ó ní àrùn mìíràn pẹ̀lú, 8 lè tẹ́ dókítà lọ́rùn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá fi ipá fa ṣúgà arúgbó wálẹ̀ jù, ó lè ṣubú, kí egungun itan rẹ̀ dá, tàbí kí ó sùn kí ó má jí. Àwọn oògùn bíi glibenclamide a máa fa èyí fún àgbàlagbà, pàápàá bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òdiwọ̀n ọmọ yín wọn ìyá yín, ẹ má sì ṣe pín oògùn láàárín ara yín, bí orúkọ àrùn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ta ni yóò bá àgbà sọ̀rọ̀?

Ohun tí ó le jù nínú ilé kì í ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ sísọ ni. Báwo ni ọmọ ṣe lè sọ fún ìyá ìyá rẹ̀ pé kí ó fi òkèlè sílẹ̀? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá gba àwo lọ́wọ́ àgbà ti rí i fín. Báwo sì ni àgbà ṣe lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin pé, «Ṣé o ti gún abẹ́rẹ́ rẹ lónìí?» láìjẹ́ pé ọmọ náà rò pé à ń ṣọ́ òun?

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà: kí olúkúlùkù fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe ohun tí ọwọ́ ẹnì kejì kò tó. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe lè rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ ọmọ ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà tán.

«Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín.»

«Kí ni o fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹsẹ̀ arúgbó lásán.»

«Ẹsẹ̀ tí ó gbé ẹ̀yìn tí ẹ fi pọ̀n mí dúró ni, Ìyá àgbà. Ó yẹ kí n mọ bí ó ti wà.»

«Ó dára. Wò ó. Ṣùgbọ́n bí o bá wò ó tán, èmi náà yóò béèrè abẹ́rẹ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ.»

«Mo gbà, Ìyá àgbà. Ẹ ó máa béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́.»

Kò sí àrífín nínú rẹ̀, kò sì sí àṣẹ. Àdéhùn ni. Ọ̀dọ́ yóò máa fi ojú rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ka nọ́ńbà inú ẹ̀rọ, yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, yóò máa to oògùn ọ̀sẹ̀ kan sínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbà yóò máa fi àsìkò àti sùúrù rẹ̀ rán ọmọ létí, yóò sì lo ẹnu àgbà láti sọ fún àwọn àna ọ̀la pé ọmọ tí ó mọ bí a ti ń tọ́jú ara rẹ̀ kì í ṣe aláìsàn tí a ń sá fún. Ìyá tí ó wà láàárín ni ìyá ìdáná. Bí ó bá yí ìkòkò padà, ó ti yí ìlera ilé padà.

Nínú ìkòkò àti nínú àwo

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ jẹ iyán láéláé kò sọ òtítọ́. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ pín àwo sí méjì. Kí ìdajì jẹ́ ẹ̀fọ́: adémè tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ewédú, gboma, ilá, tòmátì. Kí ìdajì kejì tún pín sí méjì: apá kan fún ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà, apá kejì fún iyán, ọkà tàbí ìrẹsì, kí ó má sì ju ìwọ̀n ìkúùkù ẹni tí ń jẹun lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí òkèlè tẹ̀ lé e. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo ilé yóò jẹ. Kò sí ìdí tí a ó fi se ìkòkò ọ̀tọ̀ fún alátọ̀gbẹ bí ẹni tí ó ṣẹ̀. Ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti epo díẹ̀ yóò ṣe àwọn ọmọdé pẹ̀lú ní àǹfààní.

Ohun mímu ni ọ̀tá tí ó ń yọ́ wọlé. Ìgò ohun mímu aládùn kan lè ní tó gíráàmù 30 ṣúgà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Oyin náà ṣúgà ni. Ẹ mu omi. Bí ẹ bá fẹ́ bissap, ẹ mu ún láìfi ṣúgà sí i.

Rírìn náà jẹ́ oògùn, òkè Atakpamé sì ti fún wa ní ibi tí a ó ti rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 rìn kánmọ́kánmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìyá ọlọ́jà lè fi ẹsẹ̀ rin apá kan ọ̀nà ọjà. Ìyá àgbà lè rin yíká agbo ilé lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nrìrì

Ohun méjì ni ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo àwọn oníjó Tchébé wa lórí igi gíga mọ̀ pé kí wọ́n tó gun igi, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ okùn tí wọ́n fi dè é wò. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ṣúgà a máa pa iṣan tí ń gbọ́ ìrora. Ẹ̀gún lè gún un ní oko, òkúta lè wọ inú bàtà rẹ̀, kí ó má mọ̀ títí egbò yóò fi jẹrà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sí abẹ́ ayùn dókítà, láti ara egbò tí kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ. Ẹ fi omi tí kò gbóná wẹ ẹsẹ̀ lálaalẹ́, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Ẹ má ṣe na ẹsẹ̀ sí ẹ̀bá iná nígbà ọyẹ́. Egbò tí ó bá wú, tí ó pọ́n tàbí tí ó ń rùn, ilé ìwòsàn ni ó ń lọ lọ́jọ́ náà. Kò dúró de ewé.

Èkejì ni ìgbọ̀nrìrì. Bí ṣúgà bá já sí ìsàlẹ̀ 0.70, ẹni tí ó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn tí ó lágbára a máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, a máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí. Àwọn tí ó yí i ká a ní ó ti mutí yó, tàbí pé nǹkan gbé e. Zémidjan tí èyí bá dé bá lórí alùpùpù lè pa ara rẹ̀ àti èrò rẹ̀. Ẹ fún un ní hóró ṣúgà onígun mẹ́rin mẹ́ta, tàbí ohun mímu aládùn ìdajì ife. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ṣúgà mẹ́ta má ṣe wọ́n nínú àpò alátọ̀gbẹ, bí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Nítorí èyí náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ gbààwẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Mùsùlùmí tàbí ti Kírísítẹ́nì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí àìsàn mìíràn bá sì dé, bí ibà tàbí èébì, ẹni tí ó ń gún ínsúlíìnì kò gbọdọ̀ dá a dúró pé nítorí òun kò lè jẹun. Bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, tí ó ń mí gúlegúle, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí èso tí ó ti pọ́n jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a nílé.

Ìkòkò amọ̀, owó, àti àwọn oníléèrí

Àwọn kan a máa sọ pé, «Kò sí fìríìjì nílé wa, báwo ni a ó ṣe tọ́jú ínsúlíìnì?» Èyí tí a kò tíì ṣí yẹ kí ó wà ní ibi tí ó tutù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Ṣùgbọ́n ní 2021, ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Kẹ́ńyà. Ó fi hàn pé ínsúlíìnì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ooru tí ó ń lọ sókè sódò láàárín 25 sí 37 láìsọ agbára rẹ̀ nù. Ìkòkò amọ̀ tí a gbé sí inú ìkòkò ńlá, tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, lábẹ́ òjìji, a máa mú kí ibi náà tutù. Olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà kan, Mohammed Bah Abba, ni ó sọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ di olókìkí fún títọ́jú ẹ̀fọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní 2000. Amọ̀ tí ìyá wa ń mọ ìkòkò kò tíì di ohun àtijọ́. Kí a sáà fi oògùn sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí a má sì fi í sínú oòrùn tàbí abẹ́ ìjókòó alùpùpù.

Ní ti owó, láti oṣù kìíní 2024 ni ìjọba Togo ti bẹ̀rẹ̀ Assurance Maladie Universelle, tí INAM àti CNSS ń bójú tó. Ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀, kí ó béèrè oògùn àti ìdánwò tí ó kan òun. Ẹni tí kò tíì wọ inú rẹ̀, kí ó béèrè bí a ti ń wọ̀ ọ́. Fún ìdánwò, ẹ kò nílò láti lọ sí Lomé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, tàbí ní Centre Hospitalier Régional tí ó wà ní Atakpamé. Lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹyinjú yín, ìtọ̀ yín nítorí kíndìnrín, àti ẹsẹ̀ yín. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe máa kọjá 14/9 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ níbẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń polówó nínú ọkọ̀ pé ìgò kan ṣoṣo yóò wẹ àtọ̀gbẹ kúrò lára. Ewé wa níyì. Ara ewéko kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ń jẹ́ Galega ni ìtàn metformin fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkorò kì í pa ṣúgà nítorí pé ó korò. Kò sí àgbo tí ó lè gba ipò ínsúlíìnì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ewúro, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, kí ó má sì dá oògùn rẹ̀ dúró.

Kí ọwọ́ tó pẹpẹ, kí ọwọ́ wọ kèrègbè

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdọọdún ni Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Lágbàáyé. Ọjọ́ ìbí Banting ni, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè sì fọwọ́ sí i ní 2006. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Agbonou, ẹ mú àgbà kan nílé yín dání lọ ṣe ìdánwò, kí ẹ̀yin náà sì na ìka yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe sọ pé ohun tí ó ń ṣe yín jẹ́ ti ọjọ́ ogbó, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ yín léèrè ohun tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ.

Nígbà tí Odon-Tsu mìíràn bá dé, iyán yóò tún wà lórí tábìlì. Ìyá àgbà yóò bu òkèlè tirẹ̀, bí ìkúùkù, pẹ̀lú adémè tí ó kún àwo. Ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò ti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní gbangba, níwájú ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́. Ìyá rẹ̀ yóò ti lo oògùn rẹ̀ láìdúró de òyì. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò pé sí abẹ́ tábìlì náà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí i bẹ́ẹ̀ ní ilé wa gbogbo.